Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ kópa nínú kíka àwọn àṣá tí ń kọjá létí adágún Ontario nígbà ìrúwé

Ará Rochester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí Braddock Bay, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń dúró lórí pèpéle onígi nígbà ìrúwé láti ka àwọn àṣá, idì àti igún tí ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ sá fún òtútù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí wọn níbẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ kí èmi àti ọmọ mi obìnrin, tó ti pé ọmọ ọdún 11, yọ̀ǹda ara wa láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè lójoojúmọ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ tí ẹyẹ yóò pọ̀? Èkejì, mo gbọ́ pé nígbà mìíràn ọgọ́rọ̀ọ̀rún àṣá máa ń kóra jọ lójú ọ̀run, tí wọn yóò sì máa yí po; báwo ni ènìyàn ṣe ń ka ohun tí kò dúró sójú kan? Ẹ̀kẹta ló ń dà mí láàmú jù. N kò tíì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín irú àṣá kan àti òmíràn. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní ba ìṣirò àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ́?

Bàbá Hamilton

Ará Rochester, ẹ kú èrò rere. Ìhà Kánádà ni èmi máa ń dúró sí, ní Beamer, ní ìlú Grimsby, níbi tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ka ẹyẹ apẹranjẹ láti ọdún 1975. Adágún kan náà ló wà láàárín wa, ìwà kan náà sì ni àwọn àṣá ń hù ní ìhà tiyín àti ní ìhà tiwa. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìdí tí àṣá fi ń gba etí omi kọjá ni yóò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá.

Àṣá tó ń rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn kì í fẹ́ máa ju apá ní gbogbo ìgbà, nítorí pé agbára rẹ̀ yóò tán kó tó dé ibi tó ń lọ. Bí oòrùn bá ti pa ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ náà yóò gbóná, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Inú afẹ́fẹ́ yìí ni àṣá máa ń bọ́ sí, yóò na apá rẹ̀ láìjù ú, yóò máa yí po títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbé e dé òkè réré, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra yọ́ lọ síwájú títí yóò fi bá ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń gòkè pàdé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, omi adágún Ontario ṣì tutù gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í sì í gòkè láti orí omi tútù. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹyẹ tó ń lọ sí àríwá bá dé etí adágún, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn kì í dá a gé kọjá. Wọ́n á yà, wọ́n á sì máa tọ etí omi lọ. Ní ìhà tiyín, ìlà oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí títí wọn yóò fi dé òpin adágún, kí wọ́n tó tún kọrí sí àríwá. Ní ìhà tiwa ní Grimsby, ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń gbà lọ, lórí òkè gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Niagara Escarpment, láti yí orí adágún náà ká.

Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu èyí tó kù. Àwọn àgbà wa ló sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn níbí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù tàbí láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, tí ojú ọjọ́ sì móoru, yóò gbé àwọn àṣá wá, yóò sì tì wọ́n dé etí omi gan-an, tí gbogbo wọn yóò fi máa kọjá lórí pèpéle yín ní ọ̀nà tóóró kan. Bí ó bá jẹ́ pé láti àríwá ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ì báà ṣe èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá tàbí èyí tó dìde láti orí adágún fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀nà wọn yóò sún wọ inú ilẹ̀, ẹni tó bá wà létí omi kò sì ní rí púpọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ jókòó sílé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi kàlẹ́ńdà nìkan mú ọjọ́. Ẹ máa wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Bí òtútù àti òjò bá ti dí àwọn ẹyẹ lọ́nà fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì wá sọ pé afẹ́fẹ́ gúúsù yóò dé lọ́jọ́ báyìí, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Syracuse

Bàbá Hamilton ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. N óò fi díẹ̀ kún un nípa oṣù àti ọjọ́, nítorí pé kì í ṣe irú àṣá kan náà ló ń kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Derby Hill, tó wà ní igun ìlà oòrùn gúúsù adágún náà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Onondaga Audubon, ni èmi máa ń lọ. Bí ẹ bá pín iye wọn dọ́gba-dọ́gba láti ọdún dé ọdún, nǹkan bí 40,000 ẹyẹ apẹranjẹ ni wọ́n ń kà níbẹ̀ nígbà ìrúwé kọ̀ọ̀kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ni àwọn àṣá tí wọ́n ń pè ní Red-tailed Hawk àti Red-shouldered Hawk, àti àwọn idì tí wọ́n ń pè ní Bald Eagle àti Golden Eagle, ti ń kọjá. Àwọn igún tí wọ́n ń pè ní Turkey Vulture ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n á sì pọ̀ gidigidi láti ìparí oṣù Kẹta wọ inú oṣù Kẹrin. Broad-winged Hawk, èyí tó ń lo ìgbà òtútù ní Amẹ́ríkà Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í sábà dé kí oṣù Kẹrin tó dé ìdajì. Àwọn ni wọ́n máa ń kóra jọ ní agbo ńláńlá tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn oṣù Kẹrin sì ni ìgbà tí wọ́n pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kan péré ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2011, ẹyẹ tí wọ́n kà ní Braddock Bay yín ju 40,000 lọ. Nínú oṣù Karùn-ún, àwọn Broad-winged Hawk tí kò tíì dàgbà ló ń kọjá, ìyẹ́ wọn á ti gbó, á sì ti ya, nítorí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nínú ìtẹ́.

Nípa ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí Bàbá sọ, ibi ìdúró méjì ni wọ́n ní ní Derby Hill. Ọ̀kan wà lórí òkè tó kọjú sí adágún, níbẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí bí afẹ́fẹ́ gúúsù bá ń fẹ́. Èkejì wà sí ìhà gúúsù rẹ̀, wọ́n á sì kó lọ síbẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ àríwá bá ti lé ọ̀nà àwọn ẹyẹ wọ inú ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Hawk Migration Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1974, ní ojúewé kan tí wọ́n ń pè ní hawkcount.org, níbi tí àwọn ibùdó ìkàyẹ ti ń kọ iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Àwọn ẹyẹ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín máa ń kọ́kọ́ tọ etí adágún Erie kọjá ní Ripley àti ní Hamburg. Bí ẹ bá rí i lálẹ́ pé Broad-winged Hawk ti kọjá níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí afẹ́fẹ́ gúúsù kò sì tíì yí padà, ẹ tètè jí lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Grimsby

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìbéèrè kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbé wà.

A kì í ka agbo nígbà tó bá ṣì ń yí. Nínú agbo, àṣá kan ń gòkè, òmíràn ń wọlé láti ìsàlẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ sọ́wọ́ òsì, àwọn kan sì ti wọ inú àwọsánmà lọ. Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀mejì yóò rí iye méjì, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yí. Òkè agbo náà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí àwọn tó wà lókè pátápátá bá ti rí i pé afẹ́fẹ́ náà kò gbé àwọn mọ́, ẹ óò rí i tí ọ̀kan yóò ṣíwọ́ yíyí, ìrù rẹ̀ tó ti là bí abẹ̀bẹ̀ yóò pa dé, yóò fa apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, yóò sì yọ́ tààrà lọ láìju apá rárá. Èkejì yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta yóò tẹ̀ lé e, títí wọn yóò fi di ìlà gígùn kan lójú ọ̀run, tí wọn yóò máa kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ní méjì-méjì. Ìgbà yẹn gan-an ni ìgbà kíkà.

Ẹ wá ohun kan tí kì í ṣípò, bí orí igi gíga kan tàbí òpó iná, kí ẹ fi ṣe ààlà. Ẹyẹ tó bá ti kọjá ààlà náà sí apá ibi tí ìrìn àjò kọjú sí ni kí ẹ fi ẹ̀rọ ìkà aláfọwọ́tẹ̀ kékeré nì tẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ẹyẹ kan. Bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tí ìka yín lè bá sáré lọ, ẹ ka mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bí àyè tí mẹ́wàá yẹn gbà lójú ọ̀run ti fẹ̀ tó, kí ẹ wá fi àyè yẹn wọn àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ máa padà ka mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè, nítorí pé bí ẹyẹ bá ti ń pọ̀ sí i, ojú á máa ṣì.

Níbi tí ènìyàn bá ti ju ọ̀kan lọ, ẹ pín iṣẹ́. Ẹnì kan á mú Broad-winged Hawk nìkan, ẹnì kan á mú igún nìkan, ẹni tó mọ̀ jù á sì máa wo àwọn tó kù. Ẹnu ọ̀kan ṣoṣo ni iye á ti jáde wọ inú fọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti jẹ́ olùkàyẹ ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìyókù bá rí ẹyẹ, kó pariwo ibi tó wà: "lókè igi gbígbẹ, ó ń lọ sí apá ọ̀tún, abẹ́ àwọsánmà." Olùkàyẹ ni yóò pinnu bóyá òun ti kà á tẹ́lẹ̀. Ará Rochester, èyí ni ìdáhùn sí ẹ̀rù tó ń bà yín. Ẹni tó jẹ́ tuntun kì í ba ìṣirò jẹ́ bó bá ń sọ ohun tó rí, tó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún olùkàyẹ. Ojú yín ni wọ́n nílò, nítorí pé ojú ọ̀run gbòòrò, ẹnì kan kò sì lè wo gbogbo rẹ̀ tán.

Ará Toronto

Ìyá, mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò lè fi fóònù tàbí kámẹ́rà ya agbo náà, kí a gbé àwòrán rẹ̀ délé, kí a fara balẹ̀ kà á lórí kọ̀ǹpútà? Mo rò pé yóò péye ju ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ lọ.

Ìyá Grimsby

Àbúrò, àwòrán wúlò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fojú díwọ̀n agbo kan sí 80, tí ẹ sì rí 130 nínú àwòrán, ẹ ti mọ ibi tí ojú yín ń tàn yín sí. Àmọ́ kò lè dípò kíkà. Àwòrán kan kò lè gba gbogbo agbo tó ga tó yẹn, àwọn tó wà nínú àwọsánmà kò ní hàn, àwọn tó tún wọlé láti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó wà nínú àwòrán ti aago 11 ni wọ́n tún wà nínú ti aago 11 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí ẹ bá ń wo ojú fóònù, ẹ kò wo ojú ọ̀run.

Ohun kan tó ju gbogbo èyí lọ ni pé iye tí wọ́n ń kà lónìí, wọn yóò fi wé iye ọdún 1980 àti ti ọdún 1995. Bí a bá yí ọ̀nà ìkàyẹ padà, ìfiwéra náà bàjẹ́ nìyẹn; a ò ní mọ̀ bóyá àṣá ló pọ̀ sí i tàbí kámẹ́rà.

Olùkọ́ Buffalo

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbi ìkàyẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta.

Ẹ gbàgbé àwọ̀ ná. Ẹyẹ tó jìnnà, tí oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni yóò máa rí, àwọ̀ yòówù kó ní. Bí ó ṣe gbé apá rẹ̀ dání àti bí ó ṣe ń fò ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Igún Turkey Vulture máa ń gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè bíi lẹ́tà V, ara rẹ̀ á sì máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá le. Bald Eagle ń na apá tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láìgbé e sókè láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kì í sì í fì. Golden Eagle ń gbé e sókè díẹ̀, orí rẹ̀ sì kéré sí ti Bald Eagle. Osprey, èyí tí ń jẹ ẹja, máa ń ká apá rẹ̀ ní ibi oríkèé, tí ẹni tó wà nílẹ̀ yóò fi rí àwòrán lẹ́tà M. Àwọn àṣáǹwéwé bí American Kestrel àti Merlin ní apá ṣóńṣó, wọ́n sì ń fò kánkán.

Sharp-shinned Hawk àti Cooper's Hawk ni yóò dààmú yín jù. Apá àwọn méjèèjì kúrú, ìrù wọn gùn, wọ́n á ju apá lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á sì yọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún jù ú. Ti Sharp-shinned Hawk yára, orí rẹ̀ kéré débi pé bó bá na apá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ síwájú apá náà. Orí Cooper's Hawk tóbi, ó sì yọ síwájú dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá le, Sharp-shinned Hawk máa ń fò nílẹ̀ gan-an, ó lè gba iwájú pèpéle kọjá ní gíga tí kò ju ti ènìyàn lọ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe wá báínókúlà. Ẹ fi ojú lásán wò ó, ẹ óò rí ojú pupa tàbí ìyeyè rẹ̀ àti ìlà tó wà láyà rẹ̀, kó tó pòórá sáàárín igi.

Láàárín àwọn tí apá wọn fẹ̀, ẹ wo abẹ́ apá. Red-tailed Hawk ní ìlà dúdú kan ní etí iwájú apá rẹ̀, láàárín ọrùn àti oríkèé apá. Red-shouldered Hawk ní àmì funfun tó tẹ̀ kọrọdọ nítòsí ṣóńṣó apá. Rough-legged Hawk ní àbàwọ́n dúdú ní ibi oríkèé. Abẹ́ apá Broad-winged Hawk funfun, etí rẹ̀ nìkan ni dúdú yí ká, àgbà inú wọn sì ní ìlà funfun tó nípọn láàárín ìrù dúdú.

Èyí tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ jùlọ ni pé fọ́ọ̀mù náà ní àyè fún ẹyẹ tí a kò dá mọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé àṣá alápá-fífẹ̀ ni ṣùgbọ́n ẹ kò mọ irú èyí tó jẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ju pé ẹyẹ apẹranjẹ ni lọ, ẹ kọ ìyẹn náà. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀, àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà èwe wọn ń kọ ọ́. Ohun tó burú ni kí ènìyàn fi àbá sọ ẹyẹ lórúkọ nítorí pé ó wù ú kó jẹ́ Golden Eagle.

Ará Rochester

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ní ìbéèrè mìíràn. Ká ní mo lọ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò dára, tí a sì dúró fún wákàtí mẹ́ta láìrí ẹyẹ kan. Ṣé ó pọn dandan kí a kọ nǹkan kan sílẹ̀? Ǹjẹ́ wọ́n tilẹ̀ nílò ènìyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Hamilton

Ó pọn dandan, wọ́n sì nílò yín lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí àṣá kún ojú ọ̀run lọ, nítorí pé lọ́jọ́ tí àṣá bá pọ̀, pèpéle kì í gba èrò.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ óò kọ iye ènìyàn tó ń wò, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àti bó ṣe le tó, ìwọ̀n ooru tàbí òtútù, bí àwọsánmà ṣe bo ojú ọ̀run tó, bí a ṣe lè ríran jìnnà tó, àti iye ẹyẹ. Bí ẹyẹ kò bá sí, ẹ kọ 0. Àyè òfìfo kò jọ 0 rárá: òfìfo túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó wò, 0 túmọ̀ sí pé a wò, a kò rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú àṣá kan ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù ní láti fi iye ẹyẹ wé iye wákàtí tí a fi wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó dùn nìkan ni ènìyàn ń jáde, yóò dà bíi pé àṣá pọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé iṣẹ́ yìí tó ṣe. Ní ọdún 1934, Rosalie Edge, obìnrin kan tó ń jà fún ààbò ẹyẹ, háyà òkè kan ní Pennsylvania láti dáàbò bò ó, níbi tí àwọn ọdẹ ti máa ń yìnbọn pa àwọn àṣá tó ń kọjá, òun ló sọ ọ́ di Hawk Mountain. Maurice Broun tó fi ṣọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹyẹ náà, ó sì ń kọ ọjọ́ orí àwọn Bald Eagle sílẹ̀, ìyẹn èyí tó dàgbà àti èyí tí kò tíì dàgbà. Láti ọdún 1935 sí 1939, nínú idì ọgọ́rùn-ún tó bá kọjá, 40 ni kò tíì dàgbà. Láti ọdún 1955 sí 1959, wọ́n ti di 20. Àwọn idì náà ṣì ń kọjá, ẹni tó bá wo ojú ọ̀run lásán kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé tí Broun kọ fi hàn pé wọn kò bímọ tó mọ́. Òǹkọ̀wé Rachel Carson lo iye yìí ní ọdún 1962 láti fi hàn pé oògùn apakòkòrò DDT ń ṣe àwọn ẹyẹ níṣẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de oògùn náà ní ọdún 1972, ní ọdún 2007 ni wọ́n sì yọ Bald Eagle kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Lónìí, ọ̀pọ̀ ibùdó ìkàyẹ ń rí i pé American Kestrel ń dín kù. Ẹni tó bá kọ 0 síwájú orúkọ Kestrel ní wákàtí kan nínú oṣù Kẹrin ti fi ohun tó níye lórí sílẹ̀.

Nítorí èyí, bí ẹ bá lè mọ ọjọ́ orí ẹyẹ, ẹ sọ ọ́ fún olùkàyẹ. Bald Eagle kì í ní orí funfun pátápátá kó tó pé nǹkan bí ọdún márùn-ún. Kó tó dé ibẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ló ń jẹ́, tí funfun sì wà káàkiri lára rẹ̀.

Ìyá Grimsby

Nípa ọmọ yín, ẹ mú un wá. Ojú ọmọdé máa ń tètè bá ẹyẹ kékeré tó wà lókè réré, ẹ fún un ní ẹ̀rọ ìkà igún kó máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá lè sọdá wá sí ìhà tiwa ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ Niagara Peninsula Hawkwatch máa ń gbàlejò gbogbo ènìyàn ní Beamer. Báínókúlà 8x42 (èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ) ló dára fún un, nítorí pé kò wúwo jù, ó sì ń gba ojú ọ̀run tó fẹ̀ wọlé. Ẹ kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọdọ̀ fi í wo oòrùn, tàbí kó jẹ́ kó gba iwájú oòrùn kọjá bó bá ń tẹ̀ lé ẹyẹ. Ojú lè fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wọ aṣọ tó ju èyí tí ẹ rò pé ó tó. Afẹ́fẹ́ adágún nínú oṣù Kẹta ń gún egungun, ènìyàn kì í sì í rìn kó lè móoru. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú méjì, ìbọ̀wọ́ tó jẹ́ kí ìka lè tẹ ẹ̀rọ, fìlà tó bo etí, oúnjẹ àti tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ láìsí àwọsánmà, ẹyẹ kì í hàn dáadáa, ẹ lo gíláàsì tó ń ṣíji bo ojú, kí ẹ sì máa fi báínókúlà wo ojú ọ̀run díẹ̀díẹ̀ láti apá kan dé èkejì. Bí àwọsánmà funfun bá wà, ẹ máa wo ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹyẹ ti ń yọ bí àmì dúdú.

Ará Rochester

Ẹ kú àbójútó. N óò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Braddock Bay Raptor Research lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n lè mọ̀ pé à ń bọ̀. Ọmọ mi ti ń bi mí bóyá aago mẹ́sàn-án ni a gbọ́dọ̀ ti débẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Syracuse

Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkàyẹ ibẹ̀, kò sì burú bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ní láti gbóná kí afẹ́fẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ aago yìí. Ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n á ti aago Amẹ́ríkà síwájú ní wákàtí kan, fọ́ọ̀mù ìkàyẹ kò sì í tẹ̀ lé e; aago àtilẹ̀wá ni a fi ń kọ ọ́ títí di òpin ìgbà ìrúwé, kí wákàtí ọdún yìí lè bá ti àwọn ọdún tó ti kọjá mu. Nítorí náà, bí aago ọwọ́ yín bá sọ pé mẹ́wàá, ìlà aago mẹ́sàn-án ni kí ẹ kọ ẹyẹ náà sí.